Bọ́tìnnì Aṣọ Lẹ́nu Bátìrì

Nígbà tí rédíò àkọ́kọ́ wọ ilé wa ní Ìrókò, iwájú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń wò. Ìyá ọkọ mi nìkan ló lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lókè ọya, èmi sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, mo ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Opó ni ìyá ọkọ mi, ọ̀kan nínú àwọn àgbà obìnrin ìjọ aládùúrà tó wà lẹ́yìn ọjà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Ìjọ. Wọn ò kàwé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé nǹkan tuntun kọjá níwájú wọn kí wọ́n má bi yín pé kí ni, ta ló ṣe é, kí ló wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, wọ́n ní kí n tú ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí àwọn lè rí ibi tí òwú ìsàlẹ̀ ti ń bá òwú òkè pàdé. Ẹ̀rù ìyá ọkọ ṣì ń bà mí nígbà náà, mo tú u. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, “Ẹni tó ro èyí kò sùn dáadáa,” wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó.

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbé rédíò náà wá nígbà tó gba ìsinmi wálé. Àpótí pákó dídán ni, ó tóbi tó àpótí ọṣẹ, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ló bo ojú ibi tí ohùn ń gbà jáde. Kò sí iná ìjọba ní Ìrókò. Bátìrì ni rédíò náà ń lò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń kó wọn sí. Bátìrì méjì ni. Ọ̀kan wúwo bíi bíríkì, èkejì kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Wáyà méjì ló jáde láti inú rédíò, tí púlọ́ọ̀gì wà lẹ́nu wọn. Ti bátìrì ńlá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ti kékeré ní ẹsẹ̀ méjì.

Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ sẹ́yìn rédíò, wọ́n mú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, wọ́n fẹ́ kì í bọ ihò bátìrì ńlá. Kò wọlé.

“Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ẹnu wọn dọ́gba?” wọ́n bi ọmọ wọn.

“Oúnjẹ wọn ò dọ́gba ni, Ìyá. Ńlá ń gbé àádọ́rùn-ún fóòtì wá, kékeré ń gbé ọ̀kan àbọ̀.”

“Kí ni fóòtì?”

Ọkọ mi họ orí. “Bí iná ṣe lágbára sí ni wọ́n fi ń wọ̀n.”

“Bí ọ̀kan bá ń gbé àádọ́rùn-ún wá, kí ni ọ̀kan àbọ̀ ń wá nínú ilé náà?”

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó yí kọ́ńdọ́, kókó tí wọ́n fi ń tan rédíò, ohùn ọkùnrin kan sì jáde tó ń ka ìròyìn ní Yorùbá. Gbogbo ilé hó. Ìyá ọkọ mi náà hó, àmọ́ ẹ̀yìn rédíò ni wọ́n ṣì wà. Wọ́n ń wo àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ tí wọ́n ń pọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹ̀yín iná inú eérú. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹni tó fún wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti méjì mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn á yára.”

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ò dá mọ́. Bí mo ti ń ránṣọ ni àwọn èèyàn ń wá gbọ́ ìròyìn. Ẹni tí kì í fẹ́ pa á jẹ jù ni Bàbá Àfáà tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ṣáájú rédíò, bí oṣù ààwẹ̀ bá ku díẹ̀, àpáta tó wà lójú ọ̀nà oko ni wọ́n ń gùn láti wo ojú ọ̀run. Bí òjò bá ṣú bo ojú ọ̀run, wọn á máa retí ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ wá láti Mọ́níyà wá sọ fún wọn bóyá wọ́n ti rí oṣù níbòmíràn. Ọdún mìíràn, ilẹ̀ á ti mọ́, wọn á ti jẹun òwúrọ̀, kí oníkẹ̀kẹ́ ó tó dé. Lọ́dún tí rédíò dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó sùn. Bàbá Àfáà dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi bí ẹni pé ìyá ọkọ mi ló gun àpáta lọ wo oṣù fún wọn.

Nígbà tó yá, ohùn inú rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. A ní láti gbé etí lé aṣọ ojú rẹ̀ ká tó gbọ́ nǹkan. Mo lọ sí Ìbàdàn lọ ra bátìrì. Oníṣọ́ọ̀bù tí mo bá wo mí bíi pé aṣọ ìyá rẹ̀ àgbà ni mo wá rà.

“Wọn ò kó irú ẹ̀ wá mọ́,” ó ní. “Àwọn rédíò kéékèèké ló kù tí wọ́n ń rà. Wọn ò ní gílóòbù nínú, bátìrì kékeré kan péré ni wọ́n ń lò.”

Mo wá a títí dé Dùgbẹ̀, n ò rí i. A da aṣọ funfun bo rédíò wa, ó wá dà bí tábìlì.

Àbúrò ọkọ mi ló ní òun mọ ọ̀nà àbáyọ. Dẹ́rẹ́bà ni, ó ń wa bọ́lẹ́kájà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, kì í sì í kọjá Ìrókò lọ́jọ́ Ìsinmi láìjẹun lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè jù ú lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n ti bí i sínú ilé kí n tó dé ibẹ̀, nítorí náà Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà ni mo ń pè é. Ó ṣí aṣọ lórí rédíò, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ̀yin ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò tíì kú. Bátìrì ọkọ̀ mi ń ta ẹ́ńjìnnì jí, ó ń tan iná iwájú méjèèjì. Ṣé àpótí yìí ló máa kọ̀ ọ́?”

Ó tú bátìrì ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ò bá ẹnu rẹ̀ mu. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé púlọ́ọ̀gì méjèèjì kúrò, ó bó ara wáyà.

Ìyá ọkọ mi ń wò ó. “Fóòtì mélòó ló wà nínú ti ọkọ̀?”

“Méjìlá, Ìyá.”

“Ńlá ń jẹ àádọ́rùn-ún.”

“Ẹ ò rí i pé méjìlá kéré sí i? Kò lè pa á lára.”

“Kékeré ńkọ́? Ọ̀kan àbọ̀ ló ń jẹ.”

Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà tún wo wáyà ọwọ́ rẹ̀. “N ò rò ó débẹ̀,” ó ní. “Ṣé kí n fi sílẹ̀?”

Mo wo ojú ìyá ọkọ mi. Mo rò pé wọ́n máa ní kó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sún àpótí ìjókòó wọn mọ́ ẹ̀yìn rédíò, wọ́n ní, “Tọ́ ọ wò. Èmi náà fẹ́ mọ̀.”

Ó fi gbogbo wáyà náà kan ẹnu bátìrì. Gbogbo gílóòbù inú rédíò tàn yànràn lẹ́ẹ̀kan náà, ó funfun bí iná ayàwòrán. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti kú. Òórùn bíi ti irun tó jó wọ imú wa. Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà yí kọ́ńdọ́ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò sí ohun kankan, kódà kò sí ariwo ṣíìṣíì tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Mo ti ba nǹkan ẹ̀gbọ́n mi jẹ́.”

“Àwa méjèèjì la bà á jẹ́,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Dìde, lọ jẹun.” Kò jẹun. Ó gbé bátìrì rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó sì lọ. Èmi náà, inú mi bàjẹ́. Bí ìyá ọkọ mi ti ń bó ẹ̀gúsí lọ́jọ́ náà, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Ó tàn ná. Ó kọ́kọ́ tàn.”

Nígbà tí Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà tún kọjá, ó gbé èmi, ìyá ọkọ mi àti rédíò lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀, àwọn rédíò tí wọ́n ṣí inú wọn sílẹ̀ wà láti ilẹ̀ dé òkè. Ó fún ìyá ọkọ mi ní ìjókòó kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó fa gílóòbù kan yọ nínú rédíò wa, ó gbé e sókè síhà oòrùn.

“Ìyá, ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín yẹn? Ó ti já.”

“Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?”

“Òwú àtùpà ni. Bátìrì kékeré ló ń mú òwú yẹn gbóná, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì ńlá ló ń ti ohùn jáde. Ẹ gbé méjìlá fún ẹni tó ń jẹ ọ̀kan àbọ̀, òwú jó tán.”

Ojú ìyá ọkọ mi là bí ẹni tí wọ́n san gbèsè àtọdúnmọ́dún fún. “Iṣẹ́ bátìrì kékeré nìyẹn! Àtọjọ́ tí mo ti ń bèèrè!” Wọ́n gbàgbé pé rédíò ti bàjẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo ọkùnrin náà. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀kan àbọ̀ di púpọ̀, kí ni wọ́n ń ṣe?

Bóyá kò tíì rí oníbàárà tó bèèrè irú rẹ̀ rí, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló dilẹ̀, ọkùnrin náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, ó fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì lé e lórí, ó sì fi wáyà kan so ó mọ́ ìdí. Iná rẹ̀ pọ́n bàìbàì. Ó to bátìrì kejì tẹ̀lé e, orí èyí kan ìdí ìyẹn. Iná náà funfun.

“Ọ̀kan àbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan,” ó ní. “Bí ẹ bá tò wọ́n bẹ́ẹ̀, orí sí ìdí, wọn á máa ro ara wọn pọ̀. Méjì, fóòtì mẹ́ta.”

“Bí mo bá tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ńkọ́, bí ọmọ tó sùn sórí ẹní?”

“Orí pẹ̀lú orí, ìdí pẹ̀lú ìdí? Ọ̀kan àbọ̀ náà ló máa jẹ́. Àmọ́ á pẹ́ kó tó tán.”

Ó sọ fún wa pé òun ò lè rí irú gílóòbù wọ̀nyẹn mọ́. A fi rédíò sílẹ̀ fún un kó máa tú ara rẹ̀ lò. Gílóòbù tó jó kan ló fún ìyá ọkọ mi, wọ́n sì dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́ títí a fi délé.

Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà ò lè fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè kòkó ọdún náà, ó gbé rédíò kékeré kan wá tó rà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ná ọ̀nà Pọ́tọ́nóòfò. Rédíò náà wọ ẹ̀wù awọ, ó sì ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e bí àpò obìnrin. Ìyá ọkọ mi gbà á, wọ́n súre fún ọmọ wọn, wọ́n sì yí i sẹ́yìn.

Bátìrì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, onígun mẹ́rin, kò sì sí gílóòbù kankan. Mo ka ara bátìrì náà fún wọn: fóòtì mẹ́sàn-án. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ ò sí mọ́. Orí bátìrì náà ní kókó irin méjì, wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ṣe róbótó, ó yọrí síta. Èkejì fẹ̀ jù ú lọ, ó lanu bí òdòdó. Wáyà méjì láti inú rédíò náà ní irú kókó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, èyí tó lanu á gbé èyí tó yọrí mì, wọn á sì dún pọ́.

“Wọ́n tún ti ṣe é kí ọwọ́ má lè ṣì í,” ni ìyá ọkọ mi wí.

Rédíò kékeré náà bá wa gbé ìgbà òjò kan já kí ohùn rẹ̀ tó lọ sílẹ̀. Irú bátìrì rẹ̀ ò sí ní Ìrókò, kò sí ní Mọ́níyà. Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà wá a ní Ìbàdàn, wọ́n ní ó ti tán, kí ó dúró de òmíràn tí ọkọ̀ ojú omi máa kó dé. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan ló kún ọwọ́ àwọn alátẹ. Oṣù ààwẹ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, òjò àrọ̀kúrò sì ń ṣú bolẹ̀ nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Àfáà yà wá kí wa. “Ìyá Ìjọ, ṣé ara asọ̀rọ̀mágbèsì yín ti yá?”

“Ara rẹ̀ le, Bàbá. Ebi ló ń pa á.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ń parí aṣọ àdúrà funfun fún ọmọ ìjọ kan. Ọrùn rẹ̀ ni mò ń rán bọ́tìnnì onírin sí, irú èyí tí à ń tẹ̀ wọnú ara wọn, tí ọ̀kan yọrí, tí èkejì sì ní ihò. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí pẹ̀lú bátìrì tó ti kú lọ́wọ́, wọ́n ń fi ìka tọ kókó orí rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì pọ̀ láti yẹ iṣẹ́ mi wò. Ó dún pọ́.

Wọ́n gbé ojú sókè. “Ìyàwó, tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe.

Wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọrùn rẹ̀ ti orí bátìrì. Mo na ọwọ́ sí agolo tí mo ń kó bọ́tìnnì sí, mo dà á sílẹ̀, mo ń ṣa àwọn tó tóbi jù. Mo gbé wọn wò lórí wáyà rédíò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí fẹ̀ jù, èyí ń yọ̀. Mo rí akọ kan tó wọlé, ó mì díẹ̀. Mo rí abo kan tó le jù, mo fi ẹ̀mú là á lẹ́nu títí ó fi gbà.

“Mẹ́sàn-án ló ń jẹ,” ni ìyá ọkọ mi wí. Wọ́n ń fi èso ẹ̀gúsí ṣe ìṣirò lórí ẹní, odindi kan àti àbọ̀ kan ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. “Ọ̀kan àbọ̀, ọ̀kan àbọ̀, mẹ́ta. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́fà, Ìyàwó. Lọ rà á wá.”

Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti la ọparun kan sí méjì lọ́gbọọgba, wọ́n sì ti fọ inú rẹ̀. Mo gé awọ bàtà tó ti gbó, mo sì fẹ́ rán bọ́tìnnì akọ àti abo sí i bí wọ́n ṣe wà lórí bátìrì gan-an. Ibí ni ẹ̀rù ti bà mí. Èwo ló máa kan orí, èwo ló máa kan ìdí? Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe pé àwọn rédíò tuntun wọ̀nyí, bí wọ́n bá gba iná lódìkejì, wọ́n lè kú pátápátá.

Ìyá ọkọ mi gbé bátìrì tó kú súnmọ́ ojú. “Àmì kan wà níbí. Àgbélébùú ni.”

Òótọ́ ni. Lẹ́bàá kókó tó yọrí, wọ́n ya àgbélébùú kékeré. Lẹ́bàá èyí tó lanu, wọ́n fa ìlà kan. Mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, mo wo ara rẹ̀ yíká. Àmì kan náà wà níbẹ̀: àgbélébùú lápá orí, ìlà lápá ìdí. Akọ á lọ sí orí nìyẹn, abo á lọ sí ìdí.

Púlọ́ọ̀gì rédíò àtijọ́ tí Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà gé ṣì wà nínú àpótí mi tòun ti wáyà ìdí rẹ̀. Mo bó o, mo yọ fọ́nrán bàbà méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. N ò tíì fi irin ránṣọ rí. Mo fi fọ́nrán kọ̀ọ̀kan gba inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ara bọ́tìnnì rẹ̀, mo rán an mọ́ awọ, mo wá fi òwú rán an lé e lórí kó má bàa tú. Agolo mílíìkì ni a gé fi dé ọparun lórí àti nídìí, wáyà kan sì ti ara agolo kọ̀ọ̀kan lọ sí bọ́tìnnì rẹ̀. Ìyá ọkọ mi to bátìrì sínú ọparun, wọ́n da ìlàjì kejì dé e, a sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í pinpin.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a parí. Bàbá Àfáà àti àwọn èèyàn wọn ti gun àpáta lọ, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ìkùukùu ò jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Wọ́n kírun Mọ̀gáríbù tán, wọ́n sì rọ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bàbá Àfáà wo ọparun tó ga ju rédíò fúnra rẹ̀ lọ, wọ́n wo bọ́tìnnì lórí awọ bàtà.

“Kí lẹ fi mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó kọjú sí, Ìyá Ìjọ?”

“Àgbélébùú ni wọ́n fi ṣàmì sí i.”

Bàbá Àfáà bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé àgbélébùú ló wá máa sọ fún wa pé oṣù ti lé?”

“Ó ní ìlà lápá kejì fún ẹ̀yin náà,” ni ìyá ọkọ mi dáhùn, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì rẹ́rìn-ín.

Mo tẹ bọ́tìnnì pọ̀. Mo ń retí òórùn irun tó jó. Mo yí kọ́ńdọ́. Ohùn kan jáde, ṣùgbọ́n ó jìnnà réré, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Mo yí i dópin, kò lé sí i. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí kanlẹ̀.

“Kò kú,” ni ìyá ọkọ mi wí. “Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò kú. Kò yó ni.” Wọ́n tú rọ́bà, wọ́n ṣí ọparun. Wọ́n gbé fìtílà súnmọ́ ọn, wọ́n ń tọ bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n pariwo. “Èyí kọjú padà! Èmi ni mo kọ orí rẹ̀ sí orí èkejì rẹ̀!”

Wọ́n yí i. Bí mo ti ń di rọ́bà padà, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: ẹni yẹn kò kàn jókòó lásán, ẹ̀yìn ló ń fà sí, ó jẹ tirẹ̀, ó tún jẹ ti ẹnìkan mọ́ ọn. Mẹ́fà ni rédíò ń rí, kò rí mẹ́sàn-án. N ò gbọ́ ọ yé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo jókòó ṣírò rẹ̀, mo sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Mo tún tẹ bọ́tìnnì pọ̀. Ohùn náà bú jáde tó fi jẹ́ pé ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ta jí. Orin ni wọ́n ń ṣe. A jókòó, a ń gbọ́ orin tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ. Mo di awọ náà mú sọ́wọ́ nítorí akọ tó mì yẹn. Ìyá ọkọ mi di ọparun mú sórí itan bí ọmọ jòjòló. Nígbà tó ṣe, orin dáwọ́ dúró, ọkùnrin kan sì sọ pé wọ́n ti rí oṣù, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

“Alihamudulilahi!” Ariwo náà gba ìta. Ẹnìkan ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ìlú láti lọ sọ fún wọn. Àwọn obìnrin dìde kíá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n máa sè ní sààrì. Bàbá Àfáà ò dìde. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn wo bọ́tìnnì náà dáadáa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, aṣọ ni mo rò pé ẹ̀ ń rán.” Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. N ò tíì rí ọjọ́ tí wọ́n yìn mí nílé ọkọ mi nítorí ohun tí n kò kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn náà tàn. Àwọn èèyàn láti àwọn abúlé ìtòsí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò wá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jẹ mẹ́sàn-án. Àwọn kan ń jẹ mẹ́fà, a sì ń gé ọparun wọn kúrú. Ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó kí wọ́n tó bi í pé, “Kí ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀?” Bí ẹni náà ò bá mọ̀, wọn á ní kó gbé e fún mi kí n kà á. Rédíò kan wà tí ìwé ara rẹ̀ ti ṣí kúrò, olówó rẹ̀ sì ń bẹ̀ wá pé ká sáà dán an wò. Ìyá ọkọ mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n mú gílóòbù tó jó jáde, wọ́n gbé e síhà oòrùn, wọ́n ní kó wo inú rẹ̀.

Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà rí bátìrì onígun mẹ́rin rà nígbẹ̀yìn, ó gbé e wá tìdùnnú-tìdùnnú. A lò ó. Nígbà tó tán, a padà sídìí ọparun, torí kò sí ìgbà tí a ò lè rí bátìrì tọ́ọ̀ṣì.

Bátìrì tó ti kú wá ń pọ̀ sí i nílé wa. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ ká dà wọ́n nù. Wọ́n sá wọn sóòrùn, wọ́n sì rí i pé àwọn mìíràn ń sọjí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi òkúta fọ́ ọ̀kan, wọ́n bá igi dúdú kan bí èédú láàárín, àti ẹrẹ̀ dúdú yí i ká. Àwọn ọmọ kéwú Bàbá Àfáà wá tọrọ igi dúdú náà, wọ́n ń fi kọ̀wé sára ògiri.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú bátìrì tuntun kan àti òkú kan lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi òṣùwọ̀n ta ìṣó ní ọjà. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé tuntun sí apá kan, wọ́n gbé òkú sí apá kejì. Òṣùwọ̀n náà mì, ó mì, ó sì dúró sí àárín gbọọrọ.

Oníṣòó béèrè pé kí ni wọ́n ń wá.

“Ohun tó ti inú èyí jáde ni,” ni ìyá ọkọ mi wí. “Gbogbo ìròyìn tó sọ, gbogbo orin tó kọ, mo fẹ́ mọ̀ bó ṣe wúwo tó.” Wọ́n pààrọ̀ àwọn bátìrì náà, èyí tó wà lápá ọ̀tún bọ́ sí òsì. Òṣùwọ̀n ò yẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó fẹ́ ra ìṣó sì ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n wá kó bátìrì méjèèjì sí ìdí ìró, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣòó, a sì lọ ra ata.